Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀ẹ̀rùn

Kò sí irú ojú ọjọ́ tí Yorùbá kò ní kíkí fún. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kú òjò. Bí ooru bá mú, ẹ kú ooru. Bí ọ̀dá bá dá, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí òtútù bá sì mú tí eyín ń gbá eyín, ẹ kú ọ̀gìnniǹtìn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará bá mi dá ẹjọ́ kan: èwo nínú gbogbo wọn ni kí á fi kí ènìyàn ní Thamesmead ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kẹfà? Èmi a máa jáde nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, tèmi ti kóòtù lọ́rùn. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Woolwich, oòrùn ti ràn, kóòtù ti di ẹrù apá. Ní àyíká Beresford Square, àwọn obìnrin tó ń ta ata àti iṣu ti ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Nígbà tí n óò bá fi padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn kan á ti dìde láti ìsàlẹ̀ odò, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kíkí mẹ́ta ni mo ti lò tán lọ́jọ́ kan, n kò sì tíì mẹ́nu kan òjò.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé lọ́dọọdún, bí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ti oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ, tí wọ́n bá ti ka owó dídá tán, ẹnì kan á yíjú sí mi, á ní, "Bọ̀dá, báwo ni sọ́mà ọdún yìí yóò ti rí?" Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí kì í jẹ́ kí ìròyìn ojú ọjọ́ orí rédíò fo òun. Àwọn aláwàdà inú wọn ń pè mí ní Baba Ojú Ọjọ́.

Kì í ṣe London ni àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti dé ìlú náà rí mọ̀ pé inú àfonífojì ni à ń gbé, àárín àpáta ńláńlá, òmíràn nínú wọn sì tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju òkun lọ. Orí òkè gan-an ni àwọn baba wa tẹ̀dó sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Baba àgbà mi, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ yóò ti rí, wọn kì í wo ojú ọ̀run, orí àpáta ni wọ́n ń wò. Bí kùrukùru àárọ̀ bá tètè ká kúrò lórí òkè, wọ́n á ní kí á sá kòkó. Bí ó bá jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ga, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ ẹní. Bí lékèélékèé bá ti dé, wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Bí èsúnsún bá ń fò yí iná ká lálẹ́, òjò ti dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń rí bí wọ́n ti wí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òjò á ká kòkó wa mọ́ ìta, gbogbo rẹ̀ á bu. Lọ́jọ́ tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, baba á kàn ní, "Òkè ló purọ́, kì í ṣe èmi."

Ohun kan tó ń dà mí láàmú títí di òní ni pé a kò ní orúkọ gidi fún àsìkò tí àwọn òyìnbó ń pè ní sọ́mà. Nínú ìwé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń kọ. Ẹ̀ẹ̀rùn wo? Ẹ̀ẹ̀rùn tí mo mọ̀ ni ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè ń là, tí eruku Sàhárà ń bo orí àga bí ẹni ku lẹ́búlẹ́bú. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni. Oṣù kẹfà ní tirẹ̀, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní Òkúdù, àárín gbùngbùn òjò ló wà nílé. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ ti lé afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ padà sókè, tí àgbàdo tútù kún ọjà, tí ọ̀nà oko di ẹrẹ̀. London ńkọ́? Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù. Ti oṣù kẹfà kì í sábà kéré sí ti oṣù kẹta. Nítorí náà kì í ṣe gbígbẹ ló yà á sọ́tọ̀, gígùn ọ̀sán ni. Ní ìdajì oṣù kẹfà, oòrùn ń yọ kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, kò sì ní í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Ó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún tí ó fi wà lójú ọ̀run. Ní Ìdànrè, oṣù kan náà, bí wákàtí méjìlá ààbọ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìṣirò yìí, n óò padà sí i.

Thamesmead náà, inú àfonífojì ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kó má mọ̀. Ẹ gun òkè Lesnes Abbey, níbi tí àwókù ilé ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 wà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn yín ni òkè tó ti Shooter's Hill wá gba Plumstead àti Bostall kọjá. Níwájú yín ni odò Thames. Àárín méjèèjì ni gbogbo ilé wa tẹ́ pẹrẹsẹ sí. Mo mọ̀ pé Shooter's Hill kò ju 132 mítà lọ, ọmọ Ìdànrè kò ní í pè é lókè lójú ìyá rẹ̀. Àmọ́ òkè tí a bá ní là ń lò.

Àbàtà ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ní òru 31 oṣù kìn-ín-ní 1953, òkun ru, ó ya wọ etí ilẹ̀ ìlà-oòrùn England, ènìyàn 307 ló kú ní England nìkan. Nígbà tí ìjọba London ìgbà náà wá ń kọ́ Thamesmead, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀ ní 1968, wọn kò gbàgbé òru náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ̀ ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀, tí ènìyàn ń gbé òkè, tí wọ́n sì ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ láti ilé dé ilé. Wọ́n gbẹ́ adágún àti ipa omi kí òjò lè ríbi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ìlẹ̀kùn irin ńláńlá dábùú odò nítòsí Woolwich, Thames Barrier, tí ọbabìnrin ṣí ní 8 oṣù karùn-ún 1984. Gígùn rẹ̀ tó 520 mítà. Omi ni wọ́n ń bẹ̀rù. Kò sí ẹni tó ro ti ooru.

Bí ẹ bá sì gbọ́ lórí rédíò pé London yóò móoru, kì í ṣe dandan kó jẹ́ tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ́mà, Òkun Àríwá ṣì tutù nini, nítorí omi kì í tètè gbóná bí ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wá ti ìlà-oòrùn fẹ́, ó ń gba ẹnu odò wọlé bí àlejò tí a kò pè, á kó ìkùukùu rìbìtì wá sí ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní Heathrow ń bọ́ ẹ̀wù, èmi ń wá súwẹ́tà. Mo ti fi tẹlifóònù bá ẹ̀gbọ́n mi kan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi fẹ́ẹ̀ dìjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2024 fún yín. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe àsè níta lẹ́bàá adágún Southmere ní Sátidé kejì oṣù kẹfà. Alága wa ti kà á níbì kan pé ó ṣeé ṣe kí sọ́mà náà móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ Met Office pàápàá sì ti kéde pé oṣù karùn-ún ọdún náà ló móoru jù lọ nínú gbogbo oṣù karùn-ún ilẹ̀ yìí láti 1884. Ọ̀rọ̀ náà yà wá lẹ́nu, torí kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú wa rárá. Àṣé òru ni kò tutù bó ti yẹ, òun ló gbé àròpọ̀ rẹ̀ ga. Ènìyàn tó sùn kò sì lè jẹ́rìí sí òru. Bí a ṣe dórí ọ̀rọ̀ kánópì, Alága ní, "Kí la fẹ́ fi kánópì ṣe nínú ooru?" Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n jókòó.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà tutù. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wá pẹ̀lú léèsì oníhò, gèlè ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Ìrẹsì tutù kí ṣíbí tó dé ẹnu. Àgbà kan wọnú mọ́tò rẹ̀, ó tan hítà, ó sì kọ̀ kò jáde mọ́. Ojú wíńdò ni wọ́n ti gbé ẹran fún un. Alága wá bá mi lẹ́yìn kúlà, ó di ọwọ́ sí abẹ́ agbádá, ó ní, "Ìwọ tí o mọ ojú ọjọ́, kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

N kò dá a lẹ́bi tán. Àsọtẹ́lẹ̀ olóṣù mẹ́ta kò rọrùn láti gbọ́ yé. Ti ọ̀la tàbí ọ̀tunla, wọ́n lè sọ ọ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí òjò tí yóò rọ̀ ti wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bọ̀. Ti oṣù mẹ́ta kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òkun, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kó ṣírò rẹ̀ lọ síwájú. Wọ́n á tún yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà bíńtín, kó tún un ṣírò. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, bí ẹni tó ń da obì kan náà ní ogójì ìgbà. Wọ́n á wá ka iye èyí tó yọ sí ooru àti iye èyí tó yọ sí òtútù. Bí ti ooru bá pọ̀, wọ́n á ní ó ṣeé ṣe kí ó móoru. Kò sí ohun tó sọ nípa Sátidé kejì nínú rẹ̀. Àwọn tó ń pèsè sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, omi àti iná ni ó wúlò fún jù, kì í ṣe alásè.

Àwọn onímọ̀ náà ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ìparí oṣù kẹrin 2009, Met Office sọ pé ó jọ pé sọ́mà ọdún náà yóò dára fún sísun ẹran níta. Ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti ìdá? Ẹran sísun ni gbogbo ìlú gbọ́. Oṣù keje dé, òjò ń rọ̀, àwọn oníwèé ìròyìn fi wọ́n ṣẹ̀sín títí. Ní 2010, wọ́n dáwọ́ kíkéde irú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dúró. Nígbà tí mo kà á, baba àgbà mi ni mo rántí. Nílé lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ NiMet ń ṣe irú tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi tó wà lóko kòkó ń fetí sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà á jáde lọ wo orí àpáta.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìrẹsì tó tutù ni mo ṣe mú kálámù.

Ìyá mi wá kí wa ní ìparí oṣù karùn-ún 2022. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé náà ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line. Mo mú wọn wọ̀ ọ́ láti Abbey Wood dé Woolwich, ìdúró kan ṣoṣo, wọ́n sì ní kí a padà kí a tún un wọ̀. Òtútù ni ìjà wọn. Súwẹ́tà tí ìyàwó mi rà fún wọn, wọn kò bọ́ ọ tọ̀sán tòru. Fèrèsé, wọn kò gbà kí a ṣí i. Wọ́n ní àwọn kò wá sí ìlú òyìnbó láti wá kú ikú òtútù.

Ní ìdajì oṣù kẹfà, ooru dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ̀kẹta rẹ̀ ló mú jù, Jímọ̀, 17 oṣù kẹfà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò ṣáájú pé yóò kọjá 30. Èmi Baba Ojú Ọjọ́ ni mo gbọ́ ọ tí mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n lé méjì! Ooru oṣù kejì ní Ìdànrè mà ni. Mo ní kí ìyàwó mi fọkàn balẹ̀, pé Màmá á gbádùn ara wọn lónìí. A lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé.

Fúláàtì wa wà ní òkè kẹta, kọnkéré ni gbogbo rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé pálọ̀ kọjú sí. Ní ọ̀sán ni oòrùn ń dé ojú fèrèsé náà, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìṣirò tí mo ní kí ẹ má gbàgbé nìyẹn. Ilé náà ti ń gba ooru sára fún ọjọ́ mẹ́ta, bí àpáta, òru kúkúrú kò sì tó láti mú un tutù. Ife tíì kan ni ìyá mi mu láàárọ̀, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀. Wọn kò mu omi sí i, torí orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò fẹ́ máa dìde lọ sílé ìtọ̀. Nílé, lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn ì bá wà, ìró kan ṣoṣo lórí àyà, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kí wọn. Bí ohùn wọn bá yí padà, aládùúgbò á gbọ́. Níhìn-ín, ta ló ń kọjá ní òkè kẹta?

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo wọlé. Wọ́n jókòó sórí àga, súwẹ́tà lọ́rùn, fèrèsé ní títì. Ara wọn gbẹ, ó sì gbóná janjan. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ilé." Wọ́n wò mí, orúkọ bàbá mi tó ti kú láti 1997 ni wọ́n fi pè mí.

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì àti ti yàrá ìdúró gùn ún. Wọ́n fa omi sí wọn lára. Òru méjì ni a lò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bá wọn wí ní èdè wa: "Màmá, ẹ ò mu omi!" Ìyá mi, tí ojú wọn ti wálẹ̀ nígbà náà, dáhùn pé, "Ṣé ìwọ náà ló yẹ kí o máa kọ́ mi bí wọ́n ti ń gbé inú oòrùn?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dókítà ni ó wá là á yé mi pé ooru àkọ́kọ́ nínú ọdún ló sábà ń mú àgbà láìmúra, nígbà tí ara kò tíì mọ́ ọn, tí ènìyàn ṣì ń wọ aṣọ òtútù, àti pé ara àgbà kì í tètè mọ òùngbẹ. Èmi tí mo ń kà nípa ojú ọjọ́ láti kékeré, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ti ilẹ̀ ooru wá, ooru kò lè ṣe é ní nǹkan.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni èyí tí gbogbo ayé gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Met Office gbé ìkìlọ̀ pupa jáde nítorí ooru, fún 18 àti 19 oṣù keje. Ní 19, ooru dé 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, ó dé 40.2 ní Heathrow. Ẹni tó bá ní bí ilé náà ni, kò mọ ilé. Sókótó àti Màídúgùrì la ti ń gbọ́ irú rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìyá mi jókòó pẹ̀lú ìró lórí àyà. Kọ́tìnnì wà ní títì láti òwúrọ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí ní gbogbo òru, fáànù ń fẹ́, ẹsẹ̀ wọn wà nínú báàsì omi. Èmi kò lọ síbi iṣẹ́. Mo ń fi ife ka omi fún wọn bí ẹni ń ka owó èsúsú. Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, a jáde sí etí odò, èéfín ń rú ní òdìkejì lápá Wennington, níbi tí iná ti jó ilé àwọn ènìyàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá mi wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé oko ni wọ́n ń sun ni?" Mo ní ilé ni. Wọn kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi dé ilé.

Wọ́n padà sí Ìdànrè ní oṣù kẹsàn-án.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi mí ní ìpàdé oṣù karùn-ún pé báwo ni sọ́mà yóò ti rí, n kì í sọ ti Sátidé mọ́. Oṣù kẹfà 2023 ló móoru jù lọ ní ilẹ̀ yìí láti 1884. Ti 2025 ló sì móoru jù lọ fún England. N kò mọ ọjọ́ tí ti ọdún tó ń bọ̀ yóò dé, àmọ́ mo mọ ohun tí n óò béèrè. Mo ń ní kí olúkúlùkù dárúkọ àgbàlagbà tó wà nílé rẹ̀, kó sì sọ ẹni tó ń rí wọn ní aago méjì ọ̀sán. Lọ́dún àkọ́kọ́, Alága ní, "A bi ọ́ ní ti sọ́mà, o ń ka orúkọ àwọn ìyá wa." Ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ mọ́kànlá ni, a sì pín wọn láàárín ara wa, pé lọ́jọ́ tí ooru bá kọ́kọ́ mú, kí á pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún máa ń fi ti àwọn ọmọ wa kún un, àwọn tó ń bẹ́ sínú adágún bí oòrùn bá ti ràn. Òkè omi lè móoru díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe oṣù kejì. Òtútù òjijì á gba èémí lẹ́nu ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.

Ìyá mi ní tiwọn kì í dúró de ìpàdé. Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, wọ́n á pè mí.

"Ṣé oòrùn yín ti dé?"

"Ó ti dé, Màmá."

"O ti mu omi lónìí?"

"Mo ti mu."

"Ife mélòó?"

Mo ní mẹ́ta. Wọ́n ní kò tó, kí n lọ mu òmíràn kí àwọn máa gbọ́. Mo gbé ife dání, mo ń mu ún sétí fóònù bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè ojú ọjọ́ tiwọn. Wọ́n ní kòkó ṣì wà nínú ilé, pé láti àárọ̀ ni kùrukùru ti bo orí òkè, kò sì tíì ká.